Orí Kẹrin: Ewé àti Ọ̀rá Lọ́wọ́ Olóúnjẹ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ohun tí ènìyàn bá fi di oúnjẹ ní iṣẹ́ méjì láti ṣe. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ó gbé oúnjẹ láti ọwọ́ ẹni tó sè é dé ọwọ́ ẹni tí yóò jẹ ẹ́, láìjẹ́ kí ó dànù, láìjẹ́ kí eṣinṣin bà lé e, iṣẹ́ yìí kì í sì í sábà gbà ju wákàtí díẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oúnjẹ bá tán: ohun ìdì náà gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Àwọn tó ń ná ọjà kì í ka iṣẹ́ kejì yìí mọ́ owó tí wọ́n ń san, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ewé àti ọ̀rá dúró lé ní àwọn ìlú bí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ọkọ̀ akólẹ̀ kì í ti í dé gbogbo àdúgbò, tí ẹni tó jẹun tán sì máa ń ju ìdì rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó.

Ìlú méjèèjì wà ní ibi tí igbó ti ń tán tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ewé ìdì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kò fi jẹ́ irú kan ṣoṣo. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ewé eéran, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ewé mọ́ínmọ́ín. Thaumatococcus daniellii ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko, wọ́n sì fa orúkọ náà yọ láti ara orúkọ William Freeman Daniell, dókítà àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1855. Abẹ́ ibòji igbó tútù ni ewéko yìí ti ń hù. Kò ní igi, abẹ́ ilẹ̀ ni ìdí rẹ̀ ń rá lọ, tí yóò máa ti ewé ńlá kọ̀ọ̀kan jáde lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Agbègbè Ifẹ̀, Oǹdó àti Ìjẹ̀bú ni ó ti pọ̀, nítorí náà ewé eéran tó bá dé orí àtẹ ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tàbí ní agbègbè Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ sábà máa ń jẹ́ ewé tó ti rìn jìnnà. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni ewé gbódógì tí àwọn olóbì fi ń tẹ́ inú agbọ̀n. Ewé tíìkì ni ti ilé, ìyẹn ewé igi tí àwọn òyìnbó amúnisìn gbé wá láti Éṣíà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, tí wọ́n gbìn sí igbó ọba, sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àti sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ó fẹ̀, ojú rẹ̀ rí ṣáká-ṣàkà, bí ènìyàn bá sì fi àtàǹpàkò ra ọ̀dọ́ ewé rẹ̀, àwọ̀ pupa yóò hàn lọ́wọ́ onítọ̀hún, àwọ̀ yìí kan náà ni ó sì máa ń ràn mọ́ ara ẹ̀kọ tí wọ́n bá fi í pọ́n.

Bí obìnrin tó mọṣẹ́ ṣe ń fi ewé di mọ́ínmọ́ín tó ohun tí ìwé ìmọ̀ lè dúró wò. Yóò kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nu ojú ewé àti ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì gé ọ̀pá ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí pé ọ̀pá wọ̀nyẹn náà kò ní ṣòfò, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni yóò tò wọ́n sí kí ìdì má baà fara kan iná tààrà. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ewé méjì léra, tí orí ọ̀kan yóò kọjú sí ìdí èkejì, yóò ká a ní ẹ̀gbẹ́ títí tí yóò fi di ihò, yóò ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e ró nígbà tí ọwọ́ kejì ń bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i. Kò lo okùn, kò lo àtè. Ohun tó ń jẹ́ kí ewé náà gbà fún un ni pé oje inú rẹ̀ ṣì wà, tí ó fi lè ká láìya, epo ìdà tó wà lójú ewé sì ni kì í jẹ́ kí omi ẹ̀wà jò tàbí kí mọ́ínmọ́ín lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn tó bá jinná.

Kì í ṣe oúnjẹ gbígbóná nìkan ni ewé mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú. Obì tí wọ́n bá já ṣì ń mí. Ó ń fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ó sì ń tú ooru àti omi díẹ̀díẹ̀ jáde. Nínú ọ̀rá tí wọ́n dì pinpin, omi yìí kò rí ọ̀nà lọ, yóò sẹ̀ sí ara ọ̀rá, èbu yóò sì bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ewé gbódógì máa ń jẹ́ kí ọ̀rinrin tó pọ̀ jù lọ jáde, ó sì ń pa èyí tí obì nílò mọ́, débi pé olóbì tó bá ń pààrọ̀ ewé lóòrèkóòrè lè tọ́jú ọjà rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ìdí kan náà ni ẹ̀kọ inú ọ̀rá fi máa ń sunkún omi, tí ó sì ń tètè kan.

Nígbà tí wọ́n bá jẹun tán, ewé yóò bọ́ sí ààtàn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kejì sì ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ́lúlóòsì ni ó pọ̀ jù nínú ara ewé, ìyẹn okùn tíntìntín tí ewéko fi ṣúgà tó so kọ́ra wọn ṣe kí ara rẹ̀ lè dúró. Èbu, olú àti bakitéríà, tí ọ̀pọ̀ wọn kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáímù, tó lè gé okùn yìí wẹ́wẹ́, lẹ́yìn èyí ni wọn yóò jẹ ṣúgà rẹ̀, tí ohun tó ṣẹ́ kù yóò sì di omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀dú. Ní àkókò òjò, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Àwọn àgbà tó pa á lówe pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ yóò di ọṣẹ ti kíyè sí irú nǹkan báyìí, nítorí pé omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú lágbára láti tú ara ewé palẹ̀. Ewé náà sì ní àbùkù tirẹ̀: bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ òkìtì pàǹtírí gíga níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, bakitéríà mìíràn ni yóò jẹ ẹ́, gáàsì mẹ́tẹ́ènì ni yóò sì jáde, gáàsì tó ń mú ayé gbóná ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì lọ fíìfíì. Ààtàn ẹ̀yìnkùlé, tí adìyẹ ń tú, ni ó bá ewé mu jù.

Ọ̀rá kò ní irú ìtàn yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 1933, Eric Fawcett àti Reginald Gibson, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Imperial Chemical Industries ní Northwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fi agbára ńlá tẹ gáàsì kan tó ń jẹ́ ẹ́tílíìnì mọ́ èròjà mìíràn, nígbà tí wọ́n sì ṣí ìkòkò iṣẹ́ wọn, nǹkan funfun kan tó dà bí ìdà ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Nǹkan náà ni pólítín, èyí tí ọ̀rá ọjà jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1965, ilé iṣẹ́ Celloplast ní Sweden gba ìwé àṣẹ lórí àpò ọ̀rá olọ́wọ́ méjì tí ẹlẹ́rọ wọn, Sten Gustaf Thulin, ṣe, irú èyí tó wà lọ́wọ́ gbogbo alátẹ lónìí. Inú epo rọ̀bì àti gáàsì ilẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ẹ́tílíìnì; ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ rẹ̀ ni wọ́n so pọ̀ di okùn kábọ́ọ̀nù gígùn kan, okùn yìí sì dì mọ́ra débi pé ẹ́ńsáímù tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé okùn ewé kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Oòrùn nìkan ló máa ń bá a jà gidi, ṣùgbọ́n oòrùn kì í jẹ ẹ́ tán, ó kàn ń jẹ́ kí ó gbó, kí ó ya, kí ó sì fọ́ sí ẹ̀rún tí ojú kò rí mọ́, tí ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan sì ṣì jẹ́ pólítín síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Roland Geyer, Jenna Jambeck àti Kara Lavender Law, ṣe ìṣirò kan jáde ní ọdún 2017, wọ́n sì rí i pé gbogbo ike tí ayé ti ṣe títí di ọdún 2015 tó bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 8.3, pé bílíọ̀nù 6.3 nínú rẹ̀ ti di pàǹtírí, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún pàǹtírí náà, 9 péré ni wọ́n tún lò, wọ́n sun 12, àwọn 79 tó kù sì wà ní ààtàn tàbí káàkiri ilẹ̀ àti omi.

Ibi tí ìpín ti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ nínú rẹ̀ wà kò ṣòro láti tọ́ka sí. Díẹ̀ wà nínú gọ́tà, níbi tí ọ̀rá dúdú máa ń tẹ́ sílẹ̀ pẹlẹbẹ lábẹ́ iyanrìn, tí omi òjò àkọ́rọ̀ yóò dé tí kò ní rí ọ̀nà lọ. Díẹ̀ wà nínú oko ẹ̀bá ìlú, nítorí pé àwọn àgbẹ̀ máa ń kó ilẹ̀dú ààtàn lọ síbẹ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ a sì bá a lọ. Gbòǹgbò àgbàdo tó bá pàdé ọ̀rá kò lè kọjá, omi pàápàá kò lè kọjá. Ẹran ọ̀sìn ló gbé díẹ̀ mì. Ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ káàkiri máa ń gbóòórùn iyọ̀ àti ọbẹ̀ lára ọ̀rá, yóò jẹ ẹ́ mọ́ èèpo iṣu, ṣùgbọ́n ikùn àkọ́kọ́ nínú ikùn mẹ́rin rẹ̀, níbi tí bakitéríà ti ń bá a jẹ koríko, kò lè ṣe nǹkan kan sí pólítín, ọ̀rá náà yóò sì máa wé mọ́ra títí tí yóò fi gba àyè oúnjẹ, àwọn alápatà sì máa ń bá odidi òṣùṣù rẹ̀ nínú ẹran tó rù. Èyí tó kù ni wọ́n ń dáná sun ní ìrọ̀lẹ́. Èéfín ọ̀rá ní eruku dúdú àti kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì nínú, bí ike irú ti páìpù omi bá sì wà nínú iná náà, gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní dáyọ́ksìn lè tẹ̀lé e, èyí tí ó ń wọ inú ọ̀rá ara ẹran àti ti ènìyàn, tí kì í sì í tètè jáde.

Ọ̀rọ̀ ooru tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń ro àmàlà láti inú ìkòkò tààrà sínú ọ̀rá pẹlẹbẹ, tí wọ́n á so ó, tí wọ́n á sì kó o jọ sínú kúlà kí ó lè máa gbóná títí di ọ̀sán. Pólítín tó fúyẹ́ kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá ìwọ̀n Sẹ́ńtígírédì 100, ṣùgbọ́n kí nǹkan tó yọ́ ni ó ti máa ń jò. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní National Institute of Standards and Technology ní Amẹ́ríkà da omi gbígbóná sínú ife bébà tí wọ́n fi pólítín tẹ́ nínú àti sínú àpò náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, wọ́n sì ka ẹ̀rún ike tíntìntín tó ju tírílíọ̀nù kan lọ nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan. Ohun tí irú ẹ̀rún bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ara ènìyàn ṣì wà lẹ́nu ìwádìí, kò sì tọ́ kí ìwé ìmọ̀ fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni ju bí ó ṣe yẹ lọ. Èyí tí kò sí iyèméjì lórí rẹ̀ ni pé ooru, epo àti ìkan oúnjẹ máa ń jẹ́ kí èròjà inú ike tètè bọ́ sínú oúnjẹ, àti pé ọ̀rá dúdú, tí wọ́n sábà ń fi àlòkù oríṣiríṣi ike yọ́ pọ̀ ṣe, ni ó burú jù láti fi gba oúnjẹ gbígbóná, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ike wọ̀nyẹn ti gbé rí.

Ẹni tó bá ka ìwé títí dé ibí lè rò pé ẹjọ́ ti parí, ṣùgbọ́n ọ̀rá ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀, ẹlẹ́rìí náà kò sì kéré. Ní ọdún 2018, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Denmark wọn gbogbo wàhálà tí àpò ìrajà kọ̀ọ̀kan ń kó bá ayé láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá ohun èlò rẹ̀ títí dé ìgbà tí wọ́n jù ú nù. Wọ́n rí i pé kí àpò aṣọ òwú tó lè bá àpò ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dọ́gba lórí gáàsì tó ń mú ayé gbóná nìkan, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ lò ó ní ìgbà 52, bí wọ́n bá sì gbé gbogbo ìwọ̀n yòókù lé e, ìgbà 7,100 ni. Òwú ń mu omi, ó ń gba ajílẹ̀, ó ń gba oògùn kòkòrò. Ọ̀rá fúyẹ́, kò sì ná ilé iṣẹ́ ní agbára púpọ̀. Òtítọ́ ni ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n ti Denmark ni, níbi tí wọ́n ti ń kó pàǹtírí láti ẹnu ọ̀nà ilé lọ sí ilé iná tó ń pèsè iná mànàmáná, àwọn tó ṣe é kò sì ka ọ̀rá tó dà sílẹ̀ káàkiri mọ́ ọn rárá. Ìwọ̀n tó pé ní Copenhagen kì í ṣe ìwọ̀n tó pé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nǹkan tí wọn kò kà níbẹ̀ ni ó wúwo jù níbí.

Síbẹ̀, ìwà òmùgọ̀ ni yóò jẹ́ láti sọ pé ewé lè gba gbogbo iṣẹ́ ọ̀rá. Ewé kò lè gbé omi mímu, kò lè gbé omi oògùn tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, kò sì lè dáàbò bo gàárì tó ń lọ sí Kánò lọ́wọ́ òjò. Omi inú ọ̀rá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní píọ̀ wọ́tà gba ipò omi tí wọ́n ń fi ọwọ́ so sínú ọ̀rá láìmọ́ tẹ́lẹ̀, èyí kì í sì í ṣe àǹfààní kékeré fún ìlú tí ẹ̀rọ omi kì í fi gbogbo ìgbà yọ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà pàápàá ní iyì díẹ̀ lẹ́yìn ìlò, nítorí pé irú ike kan ṣoṣo ni, kò sì ní ọbẹ̀ lára, àwọn tó ń ṣa àlòkù sì máa ń rí ẹni rà á. Ọ̀rá àmàlà àti ọ̀rá dúdú ni kò sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ṣà.

Àwọn kan wá rò pé ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n ra ọ̀rá tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń jẹrà. Ó yẹ kí oníṣòwò ṣọ́ra níbí. Oríṣi kan wà tí ó jẹ́ pólítín lásán tí wọ́n po èròjà mọ́ kí oòrùn lè tètè fọ́ ọ. Kì í jẹrà, ó kàn ń tètè di ẹ̀rún ni, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi kà á léèwọ̀ láti oṣù keje ọdún 2021. Oríṣi mìíràn ni èyí tí wọ́n ń fi àgbàdo tàbí ìrèké ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PLA. Òun lè jẹrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ilé ìjẹrà tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́ńtígírédì 60 ni ó ti ń ṣe é dáadáa, kì í ṣe nínú gọ́tà. Imogen Napper àti Richard Thompson ti yunifásítì Plymouth ri irú àwọn àpò bẹ́ẹ̀ mọ́ ilẹ̀ àti sínú òkun fún ọdún mẹ́ta, èsì tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé àpò tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń jẹrà ṣì lè gbé ẹrù ọjà. Owó orí rẹ̀ sì ju ti ọ̀rá lásán lọ. Ohun tí ìlú kan bá rà ní ọ̀wọ́n tí kò sì ní ilé tí yóò ti jẹrà, pàǹtírí ọlọ́lá ni.

Òfin náà ti gbìyànjú. Bangladesh fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ọdún 2002 lẹ́yìn tí ó ti dí gọ́tà wọn nígbà omíyalé ńlá, Rwanda ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2008, Benin, níbi tí àwọn Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà, sì fọwọ́ sí tiwọn ní òpin ọdún 2017. Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn kò fẹ́ abọ́ fóòmù funfun mọ́. Níbi tí ohun tí ènìyàn yóò fi rọ́pò rẹ̀ bá wà lọ́jà ní iye tó ṣeé san, òfin máa ń rọrùn; níbi tí kò bá sí, olóúnjẹ yóò fi ọ̀rá pamọ́ sí abẹ́ tábìlì nígbà tí ọlọ́pàá bá ń kọjá. Ìwé ìròyìn tí àwọn onísúyà ń lò kò sì jẹ́ àtúnṣe, nítorí pé epo inú tàdáwà máa ń ràn mọ́ ẹran gbígbóná.

Ìrọ́pò tí kò ní wàhálà jù ni ohun tí wọ́n ń lò tí wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n sì tún ń lò. Ọ̀yọ́, tí òkìkí àwọn onífínfín igbá rẹ̀ kàn káàkiri, ti fi igbá gbé oúnjẹ kí ọ̀rá tó dé ayé, ẹni tó bá sì gbé kúlà rẹ̀ lọ ra àmàlà lónìí ń ṣe ohun kan náà. Ti ewé ni ó gba ìrònú púpọ̀. Igi tíìkì máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àkókò yẹn ni ewé máa ń wọ́n jù, tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kọ sì ń bọ́ sínú ọ̀rá, bí òjò bá sì dé tán, wọn kì í padà mọ́. Ewé eéran ní tirẹ̀ nílò ibòji; níbi tí wọ́n bá gé igbó lulẹ̀ fún pákó tàbí fún oko tí kò ní igi, ó ń lọ, ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ wá sí Ọ̀yọ́ yóò sì tún lọ sí iwájú sí i láti wá a. Ewé tí wọn kò bá fọ̀ dáadáa máa ń gbé ẹrẹ̀ àti ẹyin kòkòrò wọ ìkòkò, àwọn oníbàárà tí wọ́n sọ pé ọ̀rá mọ́ ju ewé lọ kò sì purọ́ pátápátá.

Ṣùgbọ́n ewé eéran kò ní kí wọ́n máa gbin òun lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá gé ewé rẹ̀ tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ sínú ilẹ̀, yóò tún hù, ó sì ń gbé abẹ́ kòkó àti abẹ́ obì láìbá wọn jà. Ó tún ní ọjà kejì. Nínú èso pupa onígun mẹ́ta tó ń so mọ́ ilẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí purotéènì kan tó ń jẹ́ thaumatin, tí adùn rẹ̀ fi ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ti ṣúgà, tí ilé iṣẹ́ Tate and Lyle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní nǹkan bí ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1970 gẹ́gẹ́ bí èròjà adùn fún àwọn tí kò gbọ́dọ̀ jẹ ṣúgà. Àgbẹ̀ tó bá ní ibòji nínú oko rẹ̀ lè máa kó ewé lọ sí ọjà, kó sì máa dúró de ẹni tí yóò ra èso, ibòji náà sì ni àwọn àgbẹ̀ ọ̀dàn tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká kò ní tó, àfi etí odò níbi tí igbó díẹ̀ ti ṣẹ́ kù.